Àfọ̀njá kì í ṣe èébú

 

Láìpẹ́ yìí, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan. Mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣa ọ̀rọ̀ èébú mẹ́wàá jọ láti inú Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ ní ìgboro, kí wọ́n sì ṣàlàyé bí a ṣe ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn kọ "àfọ̀njá" sílẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀dàlẹ̀, ẹni tí ó ta àwọn ènìyàn rẹ̀ fún àjèjì. Lẹ́tà kékeré ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ó kan ìṣẹ̀dá rẹ̀, ó ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "à-" ni a fi mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe kan tí kò yé òun dáadáa. Mo pè é, mo bi í léèrè bóyá ó mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni Àfọ̀njá. Ó ní, "Rárá o, sà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ni kò rẹ́rìn-ín, ọmọ Ìlọrin kan tí ó máa ń jókòó sí ẹ̀yìn. Nígbà tí a parí ẹ̀kọ́, ó tọ̀ mí wá, ó ní kò sí ọdún kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kì í bi òun léèrè bóyá Yorùbá ni òun tàbí Fúlàní, àti pé bí òun bá ti dáhùn tán, "Àfọ̀njá" ni orúkọ tí wọ́n máa ń fi pe òun. Yorùbá ni ọmọ yìí fi bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, òun ni ó sì mú mi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

N kò dá akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ lẹ́bi. Bí a ṣe ń lo orúkọ náà ni ó ṣe gbọ́ ọ. Bí olóṣèlú Yorùbá kan bá bá àwọn ará ibòmíràn dòwò pọ̀, kì í pẹ́ tí àwọn alátakò rẹ̀ fi máa ń pè é ní Àfọ̀njá. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀wẹ̀, àwọn kan tí kì í ṣe Yorùbá ti sọ ọ́ di orúkọ tí wọ́n fi ń bú gbogbo ìran wa lápapọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ọ̀gágun kan tí ó kú sí ojú ìjà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ṣe di òkúta tí a ń sọ lu ara wa.

Bẹ́ẹ̀, Yorùbá mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi ń rántí ẹni tí ó ṣi agbára lò. Baṣọ̀run Gáà fi ojú àwọn Aláàfin rí màbo, ó ń fi wọ́n jẹ, ó ń pa wọ́n, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Kí ni a fi Gáà ṣe? A sọ ọ́ di òwe: bí o láyà, kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sòótọ́. Ẹ yẹ òwe náà wò dáadáa. Ẹni tí ó ń pa á àti ẹni tí ó ń gbọ́ ọ ni ó ń kìlọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni a máa ń fi orúkọ Àfọ̀njá nà ní ẹgba. Òwe a máa kọ́ni. Èébú kì í kọ́ ẹnikẹ́ni. Èrò mi nìyí: bí a ti sọ Àfọ̀njá di èébú, a ti sọ ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ayé rẹ̀ nù, ẹ̀kọ́ náà kò sì kéré.

Ta wá ni ọkùnrin náà?

Ọmọ ìdílé tí ó tẹ Ìlọrin dó ni. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di ọdún 1921, Ládẹ̀rìn ni baba ńlá rẹ̀, Pàsín tẹ̀lé e, Alágbin tẹ̀lé Pàsín, kí ó tó wá kan Àfọ̀njá fúnra rẹ̀. Ìlọrin ayé ìgbà náà kì í ṣe ìlú ńlá. Ìlú kan tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ni. Ìlọrin ni Àfọ̀njá wà tí ó fi di ògbójú jagunjagun, tí ó sì fi béèrè oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò lọ́wọ́ Aláàfin Aólẹ̀. Tìfẹ́tìkọ̀ ni Aláàfin fi oyè náà fún un.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí oyè yìí, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn sọ pé Aláàfin Àjàgbó ni ó dá a sílẹ̀. Johnson ṣàlàyé pé ní ọjọ́ ìwúyè, a máa ń fá orí ẹni tí yóò jẹ ẹ́, a ó sín gbẹ́rẹ́ 201 sí ìpàkọ́ rẹ̀, a ó sì fi oògùn inú àdó 201 ra á, kí ọkàn rẹ̀ lè le, kí ó má sì bẹ̀rù ohunkóhun. Kakaǹfò kò gbọdọ̀ gbé ní olú-ìlú, kí òun àti ọba má baà máa figa gbága. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ lọ sí ogun tí ọba bá rán an. Bí ó bá sì lọ, láàárín oṣù mẹ́ta ó ní láti padà wálé gẹ́gẹ́ bí aṣẹ́gun, tàbí kí a gbé òkú rẹ̀ wálé.

Ẹ kíyè sí òfin yìí o. A mú ọkùnrin kan, a fi oògùn sọ ọ́ di aláìbẹ̀rù, a kó gbogbo ogun ìjọba lé e lọ́wọ́, a ní kí ó má ṣe súnmọ́ ààfin, a sì fún ọba ní agbára láti rán an lọ sí ibi tí kò ti ní padà. Bí àárín ọba àti Kakaǹfò bá gún, òfin náà ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá gún, ọ̀kan nínú wọn ni yóò kú.

Àárín Aólẹ̀ àti Àfọ̀njá kò gún. Aláàfin wá ọgbọ́n dá. Ó ní kí Kakaǹfò lọ ṣí ogun ti Ìwéré-Ilé, ìlú tí òkè àti odi dáàbò bò tó bẹ́ẹ̀ tí ohun ìjà ayé ìgbà náà kò fi ràn án. Bí Àfọ̀njá kò bá sì rí i ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta, òfin oyè rẹ̀ ni yóò pa á. Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé Ìwéré ni ìtàn pè ní ìlú ìyá Àjàgbó, Aláàfin tí ó dá oyè Kakaǹfò sílẹ̀. Ìlú tí ó yẹ kí Kakaǹfò bọ̀wọ̀ fún jù lọ ni a rán an pé kí ó lọ fọ́.

Àṣírí náà tú sí àwọn olórí ogun lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ Ìwéré, wọ́n ṣọ̀tẹ̀, wọ́n pa àwọn èèyàn Aláàfin tí ó bá wọn lọ, wọ́n sì yí ojú ogun padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Wọn kò ju òkò kan lu ààfin. Igbá òfìfo kan tí a fi ọmọrí dé ni wọ́n gbé ránṣẹ́ sí ọba. Kò sí ẹni tí ó ní láti túmọ̀ àrokò náà fún un: a kọ̀ ọ́, kí ó lọ sùn. Èyí ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1796. Ìtàn sọ pé kí Aólẹ̀ tó kú, ó jáde síta, ó ta ọfà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì gégùn-ún pé ibi tí ọfà òun bá dé ni a ó kó àwọn ọmọ wọn lẹ́rú dé. Ó wá fọ́ àwo mọ́lẹ̀, nítorí pé igbá tí ó fọ́ ṣe é dì, ṣùgbọ́n àwo tí ó bá fọ́ ti fọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ikú Aólẹ̀, Àfọ̀njá kò sin Ọ̀yọ́ mọ́. Ó sọ Ìlọrin di òmìnira. Ó kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí i ká wọ inú rẹ̀, ó sì bá àwọn Ìgbómìnà jà. Ibí ni ó ti nílò ogun tí kì í ṣe ti Aláàfin. Ó ránṣẹ́ pe àáfà Fúlàní kan tí a mọ̀ sí Àlímì, pé kí ó wá máa gbàdúrà fún òun. Ó bá Ṣólàgbérú ṣọ̀rẹ́, Mùsùlùmí tí ó jẹ́ Yorùbá, tí ó ń gbé ní Òkè-Súnà. Ní nǹkan bí ọdún 1817, àwọn ẹrú tí ó jẹ́ Haúsá bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn olówó wọn káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n ń wọ́ lọ sí Ìlọrin. Àfọ̀njá gbà wọ́n, ó sọ wọ́n di ọmọ ogun. Àwọn ni a ń pè ní Jàmáà. Òrùka irin ńlá ni wọ́n máa ń fi sọ́wọ́, bí méjì nínú wọn bá sì pàdé, wọn a fi òrùka gbá òrùka kí ó dún, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọmọ ìyá ni wá.

Pẹ̀lú ogun yìí, kò sí ẹni tí ó lè dúró níwájú Àfọ̀njá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí òfin kankan tí ó de àwọn ọmọ ogun náà. Ogun Ọ̀yọ́ ní Balógun, ó ní Ọ̀tún, ó ní Òsì, ìlú kọ̀ọ̀kan sì mọ olórí tí yóò dáhùn fún ìwà àwọn ọmọ rẹ̀. Jàmáà kò ní irú ìyẹn. Wọ́n ń kó ìlú, wọ́n ń jí ènìyàn gbé, ẹni tí ó jẹ́ ẹrú lánàá sì ń padà lọ fi ojú olówó rẹ̀ àtijọ́ gbolẹ̀. Fágbohùn, olórí Jàbàtà tí òun àti Àfọ̀njá jọ ń jagun, kìlọ̀ fún un pé iná yìí yóò jó ilé. Dípò kí Kakaǹfò gbọ́, Fágbohùn ni ó fẹ́ pa, ọkùnrin náà sì sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀.

Nígbà tí ojú Àfọ̀njá wá là, ilẹ̀ ti ṣú. Ó pinnu láti tú Jàmáà ká, ó sì ránṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ sí àwọn ìjòyè Yorùbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà jò. Kí ìrànlọ́wọ́ tó dé, Jàmáà ti dìde sí i ní àárín ìlú tí òun fúnra rẹ̀ sọ di ńlá. Ṣólàgbérú, ọ̀rẹ́ rẹ̀, dúró sí Òkè-Súnà, kò dá sí i. Ní nǹkan bí ọdún 1824 ni èyí.

Bí ó ṣe kú ni ohun tí àwọn tí ó ń fi orúkọ rẹ̀ búni kì í sọ. Kò sá. Ó bá wọn jà ní iwájú ilé rẹ̀ títí àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ fi tán. Johnson kọ ọ́ pé ọfà àti ọ̀kọ̀ tí wọ́n sọ lù ú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò fi rí ilẹ̀ ṣubú sí. Àwọn ohun ìjà náà ni ó gbé e dúró. Ẹ̀rù ọkùnrin náà ṣì ń ba àwọn tí ó pa á. Wọ́n ń ta òkú ní ọfà fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ó ti kú, títí ẹnì kan tí ó láyà fi yọ́ lọ síbẹ̀ láti dán an wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sun ún. Abdulsalam, ọmọ Àlímì, ni ó sì di Ẹ́míà àkọ́kọ́ ní Ìlọrin.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kò mọ sí Ìlọrin nìkan. Tóyèjẹ Ògbómọ̀ṣọ́, Kakaǹfò tí ó jẹ lẹ́yìn Àfọ̀njá, gbìyànjú láti gba Ìlọrin padà, kò rí i gbà. Kí ọdún 1840 tó pé, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro. Ogun Ìbàdàn ni ó tó dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Àwọn tí a kó lẹ́rú nínú rúkèrúdò yìí ni ó pọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní Nagô ní Brazil àti Lucumí ní Cuba. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí tí ó jẹ́ ẹrú dìde ogun ní Salvador ní ọdún 1835, Nagô ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ tún wo àpẹẹrẹ kan tí ó kan àwa tí a ń kọ èdè yìí gan-an. Ní ọdún 1821, Àfọ̀njá ṣì wà láàyè nígbà tí ogun kó ọmọdékùnrin kan ní Òṣoògùn. Ọmọ náà kọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀rẹ̀yìn pé Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, Fúlàní àti àwọn ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ni ó para pọ̀ kó ìlú òun. Wọ́n tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822. Ajàyí ni orúkọ rẹ̀, Samuel Ajàyí Crowther tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, tí ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Bí a bá ń jókòó kọ Yorùbá sílẹ̀ lónìí, a kò lè ní ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá kò kàn wá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: "Ọ̀gá, ẹ ń gbèjà ọ̀dàlẹ̀." Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe rí i.

Wọ́n ní ó pa ọba rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó wà lára àwọn tí ó fi igbá ránṣẹ́ sí Aólẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Àwọn ìjòyè ńlá Ọ̀yọ́ wà nínú rẹ̀, àṣà Ọ̀yọ́ sì mọ bí a ṣe ń kọ ọba. Ọba náà ni ó sì kọ́kọ́ dẹ pàkúté ikú fún un.

Wọ́n ní ó gbé àjèjì wọlé. Ẹ̀sùn tí ó dùn jù lọ létí nìyí, òun ni ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kéré jù. Àwọn Mùsùlùmí ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí a tó bí Àfọ̀njá. Ṣólàgbérú tí kò ràn án lọ́wọ́, Yorùbá ni, àwọn ará Ìlọrin tuntun náà ni ó sì padà pa á. Fágbohùn tí ì bá gbà á là, òun ni Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ lé lọ. Ẹni tí ó bá fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kan sí ẹ̀yà kejì kò tíì ka ìtàn náà dé ìdí.

Ohun tí mo dá a lẹ́bi fún ni èyí: ó kó ohun ìjà lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láìfi òfin dè wọ́n, nítorí pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni wọ́n ń bá jà nígbà náà. Nígbà tí wọ́n ń jó ilé onílé, ó dákẹ́. Ó sì lé ẹni tí ó sọ òótọ́ fún un. Bí ẹ bá fẹ́ fi ayé rẹ̀ pa òwe, ohun tí èmi yóò sọ ni pé ẹni tí ó fi idà tí kò ní àkọ̀ ṣẹ́gun, inú ilé rẹ̀ náà ni yóò gbé e kọ́. Òwe yìí bá olóṣèlú tí ó ń kó ọmọ ìta jọ nígbà ìdìbò wí. Ó bá ìjọba tí ó ń fi ìbọn fún ẹgbẹ́ tí kò lè dárí wí. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ Àfọ̀njá di orúkọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bá àjèjì ṣọ̀rẹ́, àwọn wọ̀nyí gan-an ni yóò máa fi orúkọ náà bú ẹlòmíràn, tí wọn kò ní rí ara wọn nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìlọrin ni ó kù. Títí di òní, àwọn Balógun mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀: Balógun Gàm̀bàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkóbi àti Balógun Àlanámù. Yorùbá ni àwọn méjì tí ó kẹ́yìn, èdè Yorùbá sì ni èdè ìlú náà, ní ọjà àti ní ilé. Ìlú tí ogun ṣẹ́gun rẹ̀ tí kò sì gbàgbé èdè rẹ̀ láti nǹkan bí igba ọdún, ọpẹ́ ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè máa dú fún un. Kò yẹ kí ọmọ ibẹ̀ máa jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì pẹ̀lú ìtìjú.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ń wá orúkọ fún ọ̀dàlẹ̀, èdè wa kò ṣe aláìní. Ọ̀dàlẹ̀ wà níbẹ̀, afinihàn náà wà níbẹ̀. Ẹ fi Àfọ̀njá sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, ẹ sì fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ. Ó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú èébú mẹ́wàá rẹ̀, ó ní òun ń wá òmíràn tí yóò fi dí àyè rẹ̀. Mo sọ fún un pé mẹ́sàn-án ti tó.